Miriam àti Èédú Tó Lẹ́mìí

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé Miriam Adéríbigbé ti dárí jini, ẹ má gbà á gbọ́. Ọgbà kan náà là ń gbé ní Ìjẹ̀gùn, mo mọ̀ ọ́n. Á kí èèyàn, á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé.

Ẹja àrọ̀ ló ń sìn tẹ́lẹ̀ nínú pọ́ńdì ẹ̀yìnkùlé. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kó kó ẹgbẹ̀ta ẹja tà, ni omi láti iléeṣẹ́ kan tó ń pa aṣọ láró bá gba ojú gọ́tà wọlé. Kí ọ̀sán tó pọ́n, gbogbo wọn ti kú. Nígbà tí Miriam lọ fẹjọ́ sùn níbẹ̀, ọ̀gá iléeṣẹ́ náà, Charles, kò tilẹ̀ jáde sí i. Ó ní kí mẹ́gádì sọ fún un pé ẹja a máa kú. Miriam fọwọ́ ara rẹ̀ sin wọ́n, kò sunkún. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ìjọba fipá mú iléeṣẹ́ náà láti máa fọ omi rẹ̀ kó tó tú u jáde, Miriam lọ gbaṣẹ́ níbẹ̀. Charles kò dá a mọ̀. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Àgbá èédú ńlá kan ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Omi aró á gba inú èédú kọjá, èédú á fa májèlé rẹ̀ mọ́ra, àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí, tí wọ́n fi èédú ṣelé, á sì máa jẹ ẹ́. Àwọn ló mú kí èédú náà máa yọ̀ bí ara ẹja àrọ̀. Oṣù mẹ́ta ni Miriam fi tọ́jú wọn kí omi tó mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé kan, wọ́n gbọ́ pé àwọn olùyẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Charles yọjú wo inú àgbá, ó yímú. Miriam dàgbà jù ú lọ dáadáa, síbẹ̀ Charles kì í bọ̀wọ̀ fún un.

"Kí ló ń yọ̀ báyìí? Da bílíìṣì sí i kó mọ́."

"Wọ́n lẹ́mìí, sà. Bílíìṣì á pa wọ́n."

"Ìdọ̀tí lò ń sìn jàre. Èmi ni mo ni iléeṣẹ́, àbí ìwọ?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ ṣáà bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ buwọ́ lù ú."

Òmùgọ̀ ọkùnrin náà kọ ọ́. Miriam kọ́kọ́ ti páìpù tó lọ sí gọ́tà pa, kí ẹja ẹlòmíì má baà kú, ló bá da bílíìṣì náà bí wọ́n ṣe ní kó dà á.

Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn olùyẹ̀wò gbé ife sẹ́nu àgbá, omi tó pọ́n bíi zóbò ló jáde. Charles nàka sí Miriam pé òun ló bà á jẹ́. Miriam tú etí ìró rẹ̀, ó yọ ìwé náà. Wọ́n ti iléeṣẹ́ ọ̀hún pa lójú ẹsẹ̀. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, Charles gun ọ̀kadà wá bá wa, torí ọ̀nà wa kò gba mọ́tò rẹ̀. Kò sí ẹlòmíì tó mọ bí wọ́n ṣe ń mú èédú náà sọjí. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Miriam mú un lọ sí etí pọ́ńdì tó ti gbẹ.

"Èmi kọ́ lẹ ṣẹ̀, sà. Ẹgbẹ̀ta ni wọ́n, ibí ni mo sin wọ́n sí. Ẹ máa bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mò ń kà á."