Fèrèsé Ojú Títì

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ júbà fèrèsé ojú títì. Ọba ń bẹ lórí ìtẹ́, bíṣọ́ọ̀bù ń bẹ lórí àga. Ṣùgbọ́n ògo ta ló tó ti ẹni tó gbé apá lé fèrèsé ní Òwu nírọ̀lẹ́, tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ń wí pé, "Ẹ kú ìjókòó o"? Kò ṣe iṣẹ́ kankan. Ó ṣáà jókòó ni, wọ́n sì ń kí i fún un.

Irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ ni bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa, àti ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ogun òyìnbó ti parí nígbà náà. Ìyá mẹ́ta ló bí wa. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, àgbà gbogbo wa, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyáálé bí, ti kúrò nílé ọkọ, ó ń gbé yàrá kan lẹ́yìnkùlé. Bí a bá ta ilé náà, kò níbi tí yóò forí pamọ́ sí.

Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, akọ̀wé ìjọba l'Ékòó, ló fẹ́ tà á. Ó de táì wá sípàdé ẹbí.

"Orí-ò-jorí ni ká fi pín in," ló wí, kí olúkúlùkù ọmọ gba ìpín dọ́gba. Ọgbọ́n ni: orí wa pọ̀ ju yàrá lọ, yóò di dandan kí a tà á.

Àbúrò bàbá wa, olórí ẹbí, ní ìdí-igi ni àṣà wa: ìpín kan fún gbogbo ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan, ìpín mẹ́ta péré.

"Bàbá, ayé ti lajú. Bí ẹ bá kọ̀, kóòtù á bá wa tà á."

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin wò ó. "Ṣé orí tí táì ti fún lọ́rùn yìí náà wà lára èyí tí a ó kà?"

Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ti bá oníṣòwò kan ará Ìtorí sọ ọ̀rọ̀ títa ilé náà. Ọkùnrin náà wá wo ilé. Kò wo òrùlé, kò wo kànga. Ìdí fèrèsé ló lọ tààrà, ó jókòó sórí àga bàbá wa. Ìyá kan tó ru igi ìdáná ń kọjá.

"Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá!"

"Ẹ kú ẹrù o. Ẹ ó máa rí wa níbí."

Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin tú táì rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dìde níbẹ̀."

"Ṣé kì í ṣe pé ẹ̀ ń ta ilé ni?"

"Ilé là ń tà. A ò ta ìkíni bàbá wa."

Bó ṣe gba ìdí-igi nìyẹn. Lọ́ọ́yà kọ ìwé ìpín, gbogbo wa fọwọ́ sí i. Ìdí ìyáálé ló kọ́kọ́ mú: ẹ̀gbọ́n wa obìnrin mú iwájú ilé, tòun ti fèrèsé.

"Bí mo bá wá láti Èkó ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Wá jókòó. Ṣùgbọ́n wàá kọ́kọ́ gbálẹ̀."

Akọ̀wé ìjọba sì ń gbálẹ̀. Mo fi ìtàn rẹ̀ pa àwọn ọ̀rẹ́ mi lẹ́rìn-ín ní yunifásítì. Nígbà tí mo gba ìsinmi wálé, mo gbálẹ̀, mo ṣí fèrèsé, mo sì jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi kí èmi náà.