Pisitini Kẹsàn-án

Ọgbọ̀n èèyàn ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ojú ti Bàbá Ẹ́ńjìnnì, àmọ́ bí ẹ bá béèrè lónìí, igba èèyàn ló máa ní òun wà níbẹ̀. Ó gbé ẹ́ńjìnnì kékeré bíi ti ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́, tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fún ọdún mọ́kànlá, tí kò ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ, síwájú àwọn mẹkáníìkì tí wọ́n jọ fẹ̀yìn tì. Sìlíńdà mẹ́sàn-án ló tò yípo lára rẹ̀. Ó fọwọ́ yí i. Pisitini mẹ́jọ ń lọ, wọ́n ń bọ̀ nínú sìlíńdà wọn. Sìlíńdà kẹsàn-án ṣófo. Ọ̀gá wọn àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ wo inú rẹ̀, ó ní, "Eléyìí ńkọ́?"

Bàbá ní, "Ẹ jẹ́ ó sinmi díẹ̀, sà."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ẹ-Jẹ́-Ó-Sinmi.

Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn, alágídí paraku. Irin tó fi ń wọn nǹkan kì í kúrò lápò rẹ̀. Ó fi wọn búrẹ́dì láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní apá ọ̀tún nípọn ju òsì lọ. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ní, "Baba wa, ṣé ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni, àbí ẹ fẹ́ fi fò?" Ó rò ó dáadáa, ó ní òun á jẹ ẹ́.

Dókítà ojú ní kó fi ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀. Wákàtí kan ni wọ́n fi jiyàn. Nígbà tó máa jáde, dókítà ti fún un ní awò tuntun, òun náà sì ti tún fáànù dókítà ṣe.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kó gbé ẹ́ńjìnnì náà lọ han àwọn mẹkáníìkì náà ni pisitini kan dàwátì. Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú ilé: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbálẹ̀ nídìí tábìlì Bàbá.

"Ìyá wa, ṣé o gbálẹ̀ níbí?"

"Èmi? Mi ò dé ibẹ̀ rárá."

Irọ́ ni. Àwọn ará ilé bẹ Bàbá pé kó ṣe òmíràn, ó kọ̀ jálẹ̀. "Mẹ́sàn-án ni mo ṣe. Inú ilé yìí náà ló wà." Bó ṣe lọ gba ẹ̀sín nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ẹ̀sín náà ni ìyàwó rí pisitini láàárín àjákù aṣọ tó gbá jọ. Kí ló fẹ́ sọ? Ó jù ú sínú agolo bọ́tìnnì rẹ̀, ó dé e. Ó ní òun á sọ lọ́la. Ọdún mẹ́fà kọjá. Bí wọ́n bá ti pe ọkọ rẹ̀ ní Ẹ-Jẹ́-Ó-Sinmi, á bá wọn rẹ́rìn-ín, á wá wọ yàrá lọ jókòó, ojú á máa tì í bíi kí ilẹ̀ lanu.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin Bàbá, ìyàwó rẹ̀ pe ọmọbìnrin wọn, tó ń tún máṣínnì ìránṣọ ṣe. "Jókòó. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan fún ọ." Ó sọ gbogbo rẹ̀, ó sì da bọ́tìnnì sórí ibùsùn.

Pisitini náà wà níbẹ̀, àmọ́ kò wà bó ṣe jù ú síbẹ̀. Àkísà ni wọ́n fi wé e, irú èyí tí Bàbá fi ń nu irin. Nígbà tí ìyá tú u, ọ́ìlì kùn ún lọ́wọ́. Ọ́ìlì náà ò tíì gbẹ.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ wé e?"

"Èmi kọ́."

"Ó mọ̀," ni ìyá wí. "Ó ti mọ̀ tipẹ́. Ó ń fi ọ́ìlì pa á kó má dípẹtà, ó ń dá a padà síbẹ̀. Ó gbà kí wọ́n máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, kí ojú má baà tì mí." Ó bú sẹ́kún.

Ọmọ gbé ẹ́ńjìnnì wá, ó tú sìlíńdà kẹsàn-án, ó ki pisitini bọ̀ ọ́. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Ìyá fọwọ́ yí i. Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ń lọ, wọ́n ń bọ̀.

"Ó ti sinmi tó," ni ìyá wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. "Ojú ṣì ń tì mí o, Baba wa."