Ìyá Káńtì àti Àwọn Káńsílọ̀ Mẹ́wàá

Ọjọ́ tí Ìyá Káńtì ti ilẹ̀kùn mọ́ káńsílọ̀ mẹ́wàá ni àwọn ará Ilàré kọ́kọ́ máa ń sọ bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀. Ọdún 1991 ni. Káńsù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn pín sí méjì gééré: ẹgbẹ́ kan ní káńsílọ̀ márùn-ún, wọ́n ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ẹgbẹ́ kejì ní márùn-ún, wọ́n ń jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Odindi oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi jà lórí ẹni tí yóò ṣí ilé ìgbẹ̀bí tuntun tí wọ́n kọ́ sí Ilàré. Ilé ti parí, bẹ́ẹ̀dì ti wọlé, nọ́ọ̀sì ti dé. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ni kò rí ẹni yí i.

Bẹ́ẹ̀ ló wà títí di ọjọ́ tí Àníkẹ́, aládùúgbò Ìyá Káńtì, bímọ sínú takisí. Ìyá yè, ọmọ yè, ṣùgbọ́n inú Ìyá Káńtì kò rọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé fúláàsì tíì ńlá méjì àti búrẹ́dì, ó wọ gbọ̀ngàn káńsù, ó ti ilẹ̀kùn látinú, ó sì ki kọ́kọ́rọ́ bọ inú bùbá rẹ̀. Fàòsíyà, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ó jẹ́ akọ̀wé ní káńsù, ló ń kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé sílẹ̀. Ó dorí kodò, ó ń bẹ Ọlọ́run kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

"Màmá, ẹ ò lè wọ ibí," ni Adésọjí, aṣáájú àwọn ti fèrèsé, wí.

"Mo ti wọlé. Dìde níbẹ̀ yẹn, lọ jókòó ti Oyèbánjí."

Oyèbánjí, aṣáájú àwọn ti ilẹ̀kùn, fò sókè. "Ti ta ni? Ọ̀tá mi nìyẹn, Màmá!"

"Ọ̀tá rẹ? Ẹ̀yin méjèèjì tí mo máa ń wẹ̀ nínú báfù kan ṣoṣo bí ìyá yín bá lọ sọ́jà? Ṣé kí n sọ ẹni tó máa ń tọ̀ sínú omi?"

Àwọn méjèèjì jọ sún àga pọ̀ kíá. Kò sẹ́ni tó mọ èwo nínú wọn ló ń tọ̀.

Ó tò wọ́n yí tábìlì ká, ti fèrèsé kan, ti ilẹ̀kùn kan. Ó bu tíì fún wọn. Ṣíbí márùn-ún péré ló mú wá, kí ọ̀tá méjì lè máa bẹ ara wọn kí wọ́n tó ro ṣúgà pọ̀.

"Ní káńtì wa," ó bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn sì mí kanlẹ̀. Wọ́n mọ káńtì náà. Láti 1960 títí di 1966, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Hàjàrá, bí orúkọ rẹ̀ gan-an ṣe ń jẹ́, ló ń gbé tíì fún ìgbìmọ̀ tó ń ṣe ìjọba káńtì kan níbẹ̀, ìyẹn àgbègbè kan bíi ti ìjọba ìbílẹ̀ tiwa. Bó ṣe ń pe orúkọ káńtì náà, olùkọ́ jíọ́gíráfì mẹ́ta ti wá a nínú máàpù, wọn ò rí i.

"Ọgọ́ta ni wọ́n. Ẹgbẹ́ òṣèlú búlúù jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ẹgbẹ́ pupa jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Búlúù kì í fi ṣúgà sí tíì, pupa a máa fi mẹ́ta. Àgbẹ̀ tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan ni àwọn méje tó kù. Ibi tí àwọn méje yìí bá yí sí ni káńtì ń yí sí."

"Àwọn àgbẹ̀ ńkọ́, ṣúgà mélòó?" ni Oyèbánjí béèrè kó tó mọ̀ pé òun ti lanu.

"Ẹyọ kan nínú ife, ìyókù nínú àpò."

Ẹ̀rín bú. Ìyá Káńtì kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ò ní àgbẹ̀ méje. Èmi ni àgbẹ̀ yín lónìí. Àníkẹ́ ni yóò ṣí ilé náà. Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó nawọ́."

Ọwọ́ mẹ́wàá ló gòkè, márùn-ún sì mú ṣíbí dání. Ní ọjọ́ Ẹtì, Àníkẹ́ pọn ọmọ, ó yí kọ́kọ́rọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé. Ìbò ni wọ́n fi ń yan ọbẹ̀. Bí ìbò bá dọ́gba, alága ló ń pinnu, Ìyá Káńtì sì ni alága. Fún ogún ọdún gbáko, ilá ló ń wọlé.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì tó háyà yàrá lọ́dọ̀ rẹ̀ kò bọ́ níbẹ̀. "Kó tó di 1889," ni yóò máa wí fún wọn lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, "àwọn onílẹ̀ ńlá àti adájọ́ ló ń pín káńtì láàárín ara wọn. Ìgbà náà ni wọ́n tó ní kí ará ìlú dìbò." Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ sínú ìdánwò, ó gba A. Láti ọjọ́ náà, bí olùkọ́ Yunifásítì bá kọjá lójú títì, Ìyá Káńtì á kí i bí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

Ojú a máa ti Fàòsíyà. "Màmá, ẹ rọra sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn ń gbọ́." Kò mọye ìgbà tó sọ ọ́.

Ní 1998, ẹsẹ̀ kò gbé ìyá náà mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Fàòsíyà ń fi òróró ra á lẹ́sẹ̀, ó wá bi í ní ohun tí kò bi í rí.

"Màmá, ní gbogbo ọdún mẹ́fà yẹn, kí lẹ máa ń bá wọn sọ ní káńtì?"

"Èmi? 'Ṣúgà mélòó?' Ìyẹn nìkan ni. Ta ló fẹ́ bi ẹni tó ń gbé tíì ní nǹkan kan? Mo máa ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n á máa jà lórí ọ̀nà, lórí ilé ìwé, èmi á máa dá wọn lóhùn nínú mi, ní Yorùbá. Nígbà mìíràn, èrò tèmi dáa ju tiwọn lọ."

"Ẹ ò wá sọ ọ́?"

"Ọdún mẹ́fà, Fàòsíyà. Gbogbo rẹ̀ ni mo kó bọ̀ wálé."

Fàòsíyà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Ó nu òróró lọ́wọ́, ó fa àga súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ọ̀nà wo ni wọ́n ń jà lé lórí, Màmá?"

Ojú ìyá rẹ̀ tàn. Ó ní kí ó gbé òun jókòó dáadáa. "Ọ̀nà kan tó fẹ́ gba oko ọkùnrin kan kọjá ni. Wò ó, ká ní wọ́n bi mí ni..."

Ó sọ̀rọ̀ títí tí wọ́n fi pe ìrun Àsárì. Fàòsíyà kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà, Ìyá Káńtì kú.

Fàòsíyà kò mọ ibi tí ọ̀nà náà ti wá, kò mọ ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bi í, yóò sọ fún un láìwo ọ̀tún wo òsì pé ibi tí ìyá òun ní kó gbà gan-an ló yẹ kó gbà.