Ayálégbé Tó Wà Lórí Òrùlé

Bí òjò bá ti dá, Ìyá Rhoda á máa kan ilẹ̀kùn yàrá onípákó mẹ́rin tó ń fi háyà fáwọn èèyàn létí omi ní Òde Ugbò: "Ṣé kò jò?" Ó mọ̀ pé ayálégbé tí òjò bá pa lórí bẹ́ẹ̀dì kò ní pẹ́ kó ẹrù jáde.

Nígbà tí ìjà tí àwọn ará Ugbò ń bá ìlú òdìkejì jà nítorí odò gbóná, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wá bá a.

"Màmá, ẹ lé Godwin jáde. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bá wa jà ló ti wá."

Ìyá Rhoda fọwọ́ lé ìbàdí. Godwin káfíńtà, ọ̀kan lára àwọn ayálégbé rẹ̀, wà lórí òrùlé, ó ń kan páànù.

"Ó dáa. Ta ló máa gun òkè lọ parí iṣẹ́ náà nínú yín?"

Wọ́n wo òkè. Òjò ti ṣú. Ìyá Rhoda gbé agolo ìṣó lé wọn lọ́wọ́.

"Ẹ yáa máa na ìṣó sí Godwin nígbà náà."

Ni wọ́n bá ń na ìṣó. Nígbà tí ìjà parí, olórí àwọn ọ̀dọ́ náà ló wá háyà yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Godwin.