Ọ̀sán Tí Jíà Kejì Wọlé

Òórùn ọ́ìlì jíà ta sí mi nímú ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Takie láàárọ̀ yìí, ọkọ̀ Ítálì pupa bàbá mi, àgbà ọkọ̀ tó mọ eré é sá, bá sọ sí mi lọ́kàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mẹkáníìkì pariwo sí bàbá mi lábẹ́ rẹ̀: "Dádì, jíà kejì ò fẹ́ wọlé o!"

Màmá mi, tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, ni wọ́n dáhùn: "Kejì? Kó má wọlé!"

Ó rú mi lójú. Ṣé wọn ò fẹ́ kí ọkọ̀ wa dáa ni? Bàbá mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Mẹkáníìkì pààrọ̀ eyín jíà tó ti jẹ, ó tún ẹ́ńjìnnì ṣe títí ó fi bú ramúramù. "Kejì ti wọlé o!"

Mo pàtẹ́wọ́. Màmá mi bú sẹ́kún.

Sátidé tó tẹ̀lé e, ọkọ̀ yẹn náà ni bàbá mi fi gbé ìyàwó kejì wọlé.