Bọ́tìnì Àkọ́kọ́ ní Treichville

Wọ́n ní kí n má fọ́nnu. Ta ló máa bá mi fọ́n ọn bí n kò bá fọ́n ọn fúnra mi? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kíákíá, kí ẹni tó máa bínú ti bínú tán: ní gbogbo Abidjan yìí, n kò tíì rí ẹlòmíràn tó lè ya bọ́tìnì kọ̀ǹpútà kó dà bíi pé inú kọ̀ǹpútà náà ni wọ́n bí i sí. CM1, ọdún karùn-ún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni mo ti kúrò nílé ìwé. Àwọn tó kàwé dé òkè òkun ló sì ń wá mi wá.

Kí n tó bọ́ sídìí kọ̀ǹpútà, ara irin àti ara ògiri ni mo ń kọ̀wé sí. Lẹ́tà ara gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń lọ àdúgbò Yopougon, iwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Ṣakí ní Treichville, ọwọ́ mi ni. Ẹni tó ti kọ lẹ́tà sára irin mọ ohun tí wọn kì í kọ́ àwọn ingénieur, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Ó mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Bí o bá fẹ́ kí lẹ́tà dìde kúrò lára irin, o máa fi funfun sí etí rẹ̀ lókè, o máa fi dúdú sí i nísàlẹ̀, ojú ẹni tó ń wò ó á gbà pé ó yọ síta. Bọ́tìnì kọ̀ǹpútà kò ju ìyẹn lọ. Gíláàsì pẹrẹsẹ ni, kò sí ohun tó yọ síta níbẹ̀. Ojú ni à ń tàn, èmi sì ti ń tan ojú àwọn èèyàn kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ingénieur yẹn.

Ingénieur tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, àmọ́ Treichville ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀ ló ni ilé ìkẹ́rùsí aṣọ kan ní Treichville àti òmíràn ní Yopougon. Ó lọ kàwé ní France, ó gbé dípúlómà méjì bọ̀, ó gbé ọ̀kan kọ́ sára ògiri. Ìṣó tó fi kọ́ ọ wọ́. Èmi ni mo bá a tún un kàn.

Ó kọ logiciel kan, ìyẹn ètò inú kọ̀ǹpútà, tó ń darí ẹrù. Bí oníbàárà bá fẹ́ aṣọ, wọ́n á tẹ àwòrán aṣọ náà, wọ́n á tẹ nọ́ńbà ìlú tó ń lọ, wọ́n á wá tẹ bọ́tìnì kan nísàlẹ̀. Ìwé á jáde lẹ́nu ọ̀nà, àwọn aláàárù á di ẹrù sínú ọkọ̀. Logiciel kan náà ló ń ṣiṣẹ́ lórí Windows ní Treichville àti lórí Mac ní Yopougon. Ṣùgbọ́n kì í yá bọ́tìnì lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà tó bá wà nínú rẹ̀. Fúnra rẹ̀ ló ń ya tiẹ̀. Ingénieur wá ń wá ẹni tó máa wọ aṣọ fún àwọn bọ́tìnì náà, aṣọ Windows ní Treichville, aṣọ Mac ní Yopougon, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé àlejò ni wọ́n.

“Vieux père,” ó ní, bí àwọn ọmọ Abidjan ṣe ń pe àgbà, “il faut que ça fasse natif. Kó dà bí ọmọ onílé.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí wọ́n bí ní Treichville, tí wọ́n ṣì ń bi léèrè ní gbogbo ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ìjọba pé níbo ló ti wá gan-an, òun ló fẹ́ kọ́ bọ́tìnì bí wọ́n ṣe ń di onílé.

Mo yà á fún un. Mo fẹ bọ́tìnì Windows gidi lójú kọ̀ǹpútà títí ó fi tóbi bí ilẹ̀kùn, mo ń ka àwọn àmì onígun mẹ́rin kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bọ́tìnì kan ṣoṣo, aṣọ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Ó ní èyí tó ń wọ̀ nígbà tó bá jókòó jẹ́ẹ́, èyí tó ń wọ̀ nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àti eléérú tó ń wọ̀ nígbà tó bá kú tí kò ṣeé tẹ̀. Igun rẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé ìwé gíga máa ń bàjẹ́. Wọ́n á gé e ká bí ẹni fi ṣíbí gé ọṣẹ. Èmi, oríṣi àwọ̀ eérú mẹ́ta ni mo fi ń tan igun kan. Nígbà tí mo parí, ingénieur gbé tèmi àti ti Windows gan-an sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ní kí n sọ èyí tí mo yà. Mo ní òun ni kó sọ ọ́. Ó wò ó, ó wò ó, ó tọ́ka sí ti Windows.

Dípúlómà méjì o.

Ìyá rẹ̀, Alhaja, ló ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ti Treichville. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń darí ilé ìkẹ́rùsí náà, nígbà tí ingénieur wa ṣì ń fa ikun imú. Kò pẹ́ tí wọ́n gbé logiciel náà dé ni ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹrù tó yẹ kó lọ Bouaké kò lọ. Alhaja á tẹ àwòrán aṣọ bó ṣe yẹ, á tẹ nọ́ńbà ìlú bó ṣe yẹ, á tẹ bọ́tìnì, gbogbo ohun tó ṣe á pòórá, ọkọ̀ á lọ lófo. Bọ́tìnì méjì ló wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ Valider, pé ó dáa, kí wọ́n ṣe é. Èkejì ń jẹ́ Annuler, pé kí wọ́n pa á rẹ́. Annuler ni Alhaja ń tẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bẹ́ẹ̀ bó bá lọ sí Yopougon, tó jókòó sídìí Mac, kì í ṣì í tẹ̀.

Ingénieur ti rí àlàyé rẹ̀. “Ní Yopougon, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Bí wọ́n bá dá wà, wọ́n ń gbàgbé. Ọjọ́ orí ni, vieux père.” Ó ti bá àwọn àbúrò rẹ̀ sọ ọ́. Bó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, Màmá ń lọ sinmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun á sì gba àga.

Alhaja gbọ́. Nígbà tí mo lọ kí i, ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn.

“Wọ́n ní kí n lọ sinmi. Lọ́dọ̀ ta ni? Gbogbo ẹgbẹ́ mi tó kù l'Ógbómọ̀ṣọ́, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n wà.”

Inú bí mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí, òótọ́ ni, àmọ́ n kò ní purọ́, orúkọ mi ni mo kọ́kọ́ rò. Bọ́tìnì tí mo fi ọwọ́ ara mi yà ni wọ́n fẹ́ fi lé obìnrin kúrò lórí àga rẹ̀. Mo fa àpótí kan, mo jókòó tì í.

“Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe ọ̀kan kí n rí i.”

Ó ti Kùránì tó ń kà sápá kan, ó fọwọ́ mú eku kọ̀ǹpútà. Ó ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ lọ tààrà sórí Annuler. Mo sọ fún ara mi pé irọ́ ni ọmọ yìí ń pa. Ẹni tó gbàgbé máa ń wá nǹkan kiri. Ọwọ́ yìí kò wá nǹkan kan.

“Kí ló dé tẹ́ ẹ fi tẹ èyí?”

“Ṣé ìwọ náà fẹ́ wá bá mi jà ni? Ọmọ mi ló sọ ọ́ lórí fóònù. Ó ní, Màmá, bọ́tìnì àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀.”

“Èwo ni àkọ́kọ́?”

Ó wò mí bíi pé mo béèrè ibi tí ẹnu rẹ̀ wà. Ó gbé ìka lé èyí tó wà lápá ọ̀tún. “Èyí ni àkọ́kọ́.” Ìka náà sún sápá òsì. “Èyí ni èkejì.”

Mo wo Kùránì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín.

Ilé kéú ni èmi náà ti kàwé parí, kò sí CM1 níbẹ̀. Mo mọ wàláà, mo mọ bí wọ́n ṣe ń nà ọ́ bí ojú rẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò yẹ. Ọ̀tún ni ìwé ti ń bẹ̀rẹ̀. Obìnrin yìí kò mọ Faransé kà, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tó mọ́ tí kò kàwé, láti ọ̀tún bọ̀ sí òsì, láti kékeré rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ sọ fún un pé àkọ́kọ́. Ó tẹ àkọ́kọ́. Mac ní tirẹ̀, apá ọ̀tún ló máa ń gbé Valider sí, ó sì ń kùn ún ní búlúù, ìdí nìyẹn tí kì í fi ṣì í tẹ̀ ní Yopougon. Windows, apá òsì ló ń gbé e sí, ohun tí mo sì fi ya èyí tó yẹ ká tẹ̀ sọ́tọ̀ kò ju ìlà kan tó tín-ín-rín bí irun lọ. Bí onílé ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. Mo ti gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu jù.

Mo wá ingénieur lọ. Mo rò ó fún un.

“Vieux père, Faransé ni logiciel yìí. On lit de gauche à droite, òsì ni wọ́n ti ń kàwé bọ̀ sọ́tùn-ún.”

“Ta ń jẹ́ On, ta ni ‘wọ́n’ yẹn?”

“Gbogbo ayé.”

“Ìyá rẹ kò sí nínú ayé?”

Ó ní òun gbọ́. Mo ní kó yí bọ́tìnì méjèèjì padà ní Treichville, kí Valider bọ́ sápá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ á tán. Ó mi orí. Ó ní Windows ní òfin tirẹ̀, pé bí òun bá yí i, kò ní dà bí natif mọ́, àwọn tó mọ̀ ọ́n á máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn wo ló mọ̀ ọ́n? Aláàárù ni? Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé òótọ́ inú rẹ̀ ló ń sọ. Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti gbé ìyá rẹ̀ kúrò ní Treichville ju kó gbé bọ́tìnì láti òsì bọ́ sọ́tùn-ún.

Ó dáa. Ìwọ lo ni ètò. Àwòrán, èmi ni mo ni ín.

Mo lọ sílé, mo ṣí àwọn àwòrán bọ́tìnì Windows tí mo ti fi oṣù mẹ́ta yà. Mo pa ti Valider rẹ́. Ó dùn mí o. Kò sí ẹni tó lè ya irú rẹ̀ mọ́, èmi pàápàá kò mọ̀ bóyá mo lè tún un yà. Mo fi àwọ̀ ewé kùn ún látòkè délẹ̀, ewé ara gbaka, èyí tí arúgbó máa rí láti òdìkejì títì. Mo fi funfun gbòòrò sí etí rẹ̀ lókè, dúdú nísàlẹ̀, ó yọ síta bí ẹyẹ tó fẹ́ fò. Kò jọ Windows, kò jọ Mac. Mo gbé e lọ sí Treichville, mo fi í rọ́pò ti àtijọ́ nínú kọ̀ǹpútà Alhaja.

“Màmá, ẹ gbàgbé àkọ́kọ́ àti èkejì. Èyí tó ní àwọ̀ ewé ni kẹ́ ẹ tẹ̀.”

“Ta ló sọ àwọn bọ́tìnì di ènìyàn?” ó ní. “Èyí ti láwọ̀ lára bí èèyàn báyìí.”

Ní ọjọ́ Sátidé, ingénieur dé pẹ̀lú báàgì rẹ̀, kó wá jókòó. Ọkọ̀ Bouaké wà lẹ́nu ọ̀nà. Alhaja kò kí i tán. Ó tẹ àwòrán aṣọ, ó tẹ nọ́ńbà ìlú, eku náà rìn kọjá Annuler láìwò ó, ó bà lórí ewé. Ìwé jáde. Àwọn aláàárù pariwo, wọ́n gbé ẹrù jáde.

Ọmọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú gíláàsì náà, bí ẹni ń wo ojú egbò.

“Kí lèyí? Windows kò ní bọ́tìnì aláwọ̀ ewé.”

“Ṣé Windows ló ń gbé ẹrù lọ Bouaké ni?” Alhaja dá a lóhùn. Àwọn aláàárù rẹ́rìn-ín títí tí ọ̀kan fi gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀.

“Màmá, ẹ dìde díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n dá a padà.”

“N kò dìde. Bó bá rẹ̀ ọ́, wọ́n ní ibi ìsinmi dáa l'Ógbómọ̀ṣọ́. Fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí mi bó o bá dé ọ̀hún.”

Ó wo ojú mi. Ó tún báàgì rẹ̀ gbé kọ́ èjìká. Alhaja ti ń wá àwòrán aṣọ mìíràn, nítorí ọkọ̀ Korhogo ti ń fun fèrè lẹ́nu ọ̀nà.