Ìyàwó Ilé Ni Mo Kọ

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí inú mi tó tún ru: èmi ni mo rí ìkéde yẹn, kì í ṣe ọkọ mi. Ara bébà tí wọ́n fi wé àkàrà fún mi lẹ́nu géètì ọsibítù ni mo ti rí i. Ìpínlẹ̀ kan ní orílẹ̀-èdè kan nílẹ̀ òtútù ń wá èèyàn. Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè náà o, ìpínlẹ̀ kan péré, tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ti kó lọ sí ìlú ńlá, tó wá ku àwọn arúgbó sílé. Oríṣi èèyàn méjì ni wọ́n ní àwọn ń fẹ́: ẹni tó mọṣẹ́ ọwọ́, àti oníṣòwò olówó tó máa wá dá okòwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n to àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń wá. Epo ti bo ìdajì ẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí "nọ́ọ̀sì" àti "agbẹ̀bí" kedere. Mi ò ní dárúkọ ìpínlẹ̀ náà, torí wọn ò ṣẹ̀ mí. Ẹni tó ṣẹ̀ mí, inú ilé mi ló wà.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí, ẹ gbọ́ o. Ọdún kọkànlá mi lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, níbí ní Ẹdẹ, láyé àwọn ṣọ́jà, nígbà tí wọ́n ní ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀, kí oníkálukú fara mọ́ ọn. Àwa kúkú fara mọ́ ọn. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó yẹ ká lò lẹ́ẹ̀kan ká sọ nù, à ń fọ̀ ọ́, à ń sá a sórí okùn lẹ́yìn wọ́ọ̀dù, à ń bu páúdà sí i, a tún ń wọ̀ ọ́ títí tó fi máa lu. Aláboyún á gbé òwú, bíléèdì àti kẹrosíìnì tiẹ̀ wá láti ilé. Ọ̀gá ṣọ́jà kan wá bẹ ọsibítù wò lọ́jọ́ kan. Kó tó dé, wọ́n fi ọ̀dà funfun kun gbogbo òkúta etí ọ̀nà. Ó wo òkúta, ó yìn wá, ó wọ mọ́tò ẹ̀ lọ. Ìbọ̀wọ́ ẹyọ kan, kò mú wá. Àwọn tí a jọ kàwé jáde ti ń bá tiwọn lọ sí Sáúdí lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi nìkan sì máa ń wà fún obìnrin mẹ́ta tó ń rọbí lẹ́ẹ̀kan náà.

Èmi náà ni wọ́n gbé ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìbí fún, torí ìwé ọwọ́ mi dára, ó máa ń dúró gírígírí. Orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá, iṣẹ́ bàbá, orúkọ ìyá, iṣẹ́ ìyá. Tá a bá dé ibi iṣẹ́ ìyá, àwọn ọkọ ló sábà máa ń dáhùn: "Ẹ kọ ìyàwó ilé." Èmi náà á kọ ọ́, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Mo kọ̀wé ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tó wà lára bébà àkàrà. Ó pẹ́ kí èsì tó dé, àmọ́ ó dé, àpòòwé ńlá kan. Fọ́ọ̀mù méjì ló wà nínú ẹ̀, ọ̀kan fún oníṣẹ́ ọwọ́, ọ̀kan fún oníṣòwò. Nínú ti oníṣẹ́ ọwọ́, orúkọ ẹni tó mọṣẹ́ ló máa wà lókè. Ọkọ tàbí aya ẹ̀ àtàwọn ọmọ á wà nísàlẹ̀, gbogbo wọn á sì jọ lọ. Mo jókòó lórí àtẹ̀gùn ilé ìfìwéránṣẹ́, mo sunkún ayọ̀. Mi ò ní ẹ̀gbọ́n lókè òkun, mi ò ní bàbá olówó. Ọwọ́ méjèèjì yìí ni mo ní, àṣé ẹnì kan wà láyé tó ń wá irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀!

Mo gbé e fún ọkọ mi. Mo mọ̀ pé "ó" ni mò ń pè é níbí. Lójú ẹ̀, "ẹ" ni mò ń pè é títí dòní. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó lọ kọ tiẹ̀.

Ọkọ mi ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù ní oríta Ṣẹ̀kọ́nà. Ẹ̀rọ ìtẹ búlọ́ọ̀kù méjì, ṣọ́bìrì mẹ́ta, àti pátákó tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sí gàdàgbà. Látìgbà tí sìmẹ́ńtì ti wọ́n bí ojú, koríko ló ń hù lórí yanrìn ibẹ̀. Owó oṣù mi là ń jẹ. Ó ka fọ́ọ̀mù náà, ó tún un kà.

"Orúkọ ta ni wọ́n ní kó wà lókè?"

"Tèmi ni, torí iṣẹ́ mi ni wọ́n ń wá. Tiyín á wà nísàlẹ̀, a ó sì jọ lọ."

"Èmi? Nísàlẹ̀? Kí n wá di ẹrù tí ìyàwó ń gbé lọ òkè òkun?"

"Ẹrù kẹ̀? Ẹ̀yin lọkọ mi. Fọ́ọ̀mù lásán ni."

"Tó bá jẹ́ fọ́ọ̀mù lásán ni, kí ló dé tó ò kọ orúkọ mi sókè?"

Ó ti fọ́ọ̀mù mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mú ìkejì, ti àwọn oníṣòwò olówó. Ó ní èyí ló bá ọkùnrin mu. Olówó! Ọkùnrin tí mo ra bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀!

Ó wá lọ pe ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan, akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo àdúgbò gbà pé ó mọ ìwà òyìnbó torí pé ó máa ń wọ táì lọ ra ẹran. Ọ̀rẹ́ náà jókòó sórí àga mi, ó mu omi mi, ó wá ní, "Ìyàwó wa, má bínú o. Olówó tí ìyàwó ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba, òyìnbó á fura. Wọ́n á ní tówó bá wà nílé, kí ló ń wá lọ sídìí ẹ̀jẹ̀? Ìyàwó ilé ni kẹ́ ẹ kọ." Ọkọ mi ń mi orí bí alángbá. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín! Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń mú owó wọ ilé wa, òun ni wọ́n ní ká pa mọ́ kí wọ́n má bàa rò pé a ò lówó.

Wọ́n ní ká fi fọ́tò okòwò sí i. Kò sí búlọ́ọ̀kù kankan ní Ṣẹ̀kọ́nà mọ́, ló bá di ọ̀nà Awo, níbi tí ojúlùmọ̀ ọ̀rẹ́ yìí ti ń la pákó. Ọkọ mi wọ agbádá, ó gbé ẹsẹ̀ lé ìtì igi ńlá kan bíi pé òun ló gé e. Àwọn tó ń la pákó dúró, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sínú. Wọ́n ní kí èmi náà dúró ti ọkọ mi, kí n wọ léèsì ìgbéyàwó mi, kí n gbé báàgì dání. Òfìfo ni báàgì náà. Ayafọ́tò ti fẹ́ yà á, ni ọ̀rẹ́ ọkọ mi bá ní, "Ìyàwó wa, fi báàgì bo ọwọ́ rẹ. Ọwọ́ yẹn ò jọ ti ìyàwó olówó." Òótọ́ ni. Oògùn apakòkòrò tí a fi ń fọ irin iṣẹ́ ti bó ọwọ́ mi, èékánná mi sì gé kúkurú. Mo fi báàgì bò ó. Ọwọ́ tó gba àìmọye ọmọ Ẹdẹ sáyé, mo fi báàgì bò ó! Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Mo lọ sọ́dọ̀ ìyá mi, mo rò pé wọ́n á gbèjà mi. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọkọ lolórí aya. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tán, ta ló máa bi yín léèrè ohun tẹ́ ẹ kọ? Rọra máa ṣe." Mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn mi. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n kí n má di dálémosú.

Ọkọ mi kì í fẹ́ kọ̀wé. Tó bá ti rí bébà ìjọba, á tì í sọ́dọ̀ mi. Nítorí náà, èmi ni mo jókòó sídìí tábìlì, òun ń sọ, èmi ń kọ. A kọ igi onígi pé tiwa ni. A kọ lọ́rì ẹni ẹlẹ́ni. Nígbà tá a dé ibi iṣẹ́ aya, mo gbé bírò sókè.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ nọ́ọ̀sì, Bàbá ọmọ mi. Ẹ jọ̀ọ́."

"Àbí o ò fẹ́ kó bọ́ sí i ni?"

Mo kọ ọ́. Ìyàwó ilé. Wọ́n tún bèèrè nísàlẹ̀ bóyá aya ti ṣiṣẹ́ rí, mo kọ "rárá". Mo wá fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo sọ nípa ara mi. Bírò tí mo fi ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun ni mo fi kọ ọ́.

Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ti mọ òwe yẹn kí n tó mọ ABD. Mo máa ń jágbe mọ́ dókítà tí kò bá fọ ọwọ́, mo ti lé àlùfáà kúrò ní wọ́ọ̀dù rí torí pé àdúà ẹ̀ ti pọ̀ jù. Kí ló wá dé tí ẹnu mi kú nídìí tábìlì ara mi? 

A fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́, wọn ò gbà á. Lẹ́tà náà ò gùn: ohun ìní ọkọ mi ò tó, wọn ò sì rí ìwé kankan tó fi hàn pé òun ló ni ibi tó ti ya fọ́tò. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní òyìnbó ò fẹ́ràn aláwọ̀ dúdú. Ọkọ mi gbà bẹ́ẹ̀, ó dìde, ó lọ sùn.

Èmi ò sùn ní tèmi. Fọ́ọ̀mù oníṣẹ́ ọwọ́ yẹn ṣì wà nínú àpótí mi, lábẹ́ aṣọ ìkókó àwọn ọmọ mi. Mo gbé e lọ síbi iṣẹ́, mo kọ ọ́ lójúmọmọ, mi ò wo ojú ẹnì kankan. Nọ́ọ̀sì. Agbẹ̀bí. Mo kọ ọ́ gàdàgbà. Mátíróònù wa kọ̀wé ẹ̀rí fún mi, wọ́n ní, "Máa lọ, jàre. Ká ní mo kéré lọ́jọ́ orí ni, èmi náà ò bá ti lọ." Mi ò yọ orúkọ ọkọ mi o! Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ bí wọ́n ṣe ní ká kọ ọ́, mo sì kọ iṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe jẹ́: ó ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Mi ò ní kó fi nǹkan kan bo ọwọ́.

Mo dúró de èsì náà bí aláboyún ṣe ń dúró de oṣù ẹ̀. Ọyẹ́ ń parí lọ nígbà tó dé. Orí ìdúró ni mo ti kà á. Wọ́n ní irú iṣẹ́ mi gan-an ni àwọn ń wá. Wọ́n ní ṣùgbọ́n fáìlì ọkọ mi ṣì wà lọ́wọ́ àwọn. Nínú ẹ̀, èmi fúnra mi fọwọ́ sí i pé mi ò ṣiṣẹ́ rí láyé mi. Nínú èyí, mo ní mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì láti ọdún mọ́kànlá ó lé. Ìwé ọwọ́ kan náà ló kọ méjèèjì. Ọ̀kan nínú ẹ̀ kì í ṣe òótọ́, àwọn ò sì lè gba ẹni tó purọ́ fún àwọn. Wọn ò bú mi. Wọ́n tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nísàlẹ̀.

Wọ́n máa ń ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a. Tèmi, òdìkejì ẹ̀ ni. Òótọ́ ni mo sọ gbẹ̀yìn, irọ́ ló lé e bá.

Mo gbé lẹ́tà náà lọ bá ọkọ mi lábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé. Mo pariwo débi tí àwọn ará ilé kejì fi jáde. Mo ní, "Ẹ ti bayé mi jẹ́! Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo ní, ẹ fi agbádá dí i! Ẹ wò ó, èmi ni wọ́n ń wá! Èmi ni wọ́n ń wá látìbẹ̀rẹ̀!" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo jágbe mọ́ ọn. Ó ka lẹ́tà náà dópin, ó ká a, ó dá a padà fún mi. Kò pariwo ní tiẹ̀.

"Ṣé èmi ni mo kọ ọ́ ni? Ìwé ọwọ́ ta nìyẹn? Àbí mo di ọwọ́ rẹ mú?"

 Kò dì mí lọ́wọ́ mú lóòótọ́. Ìyẹn ló ń bí mi nínú títí dòní, ju òun alára lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ aṣọ funfun mi, mo lọ síbi iṣẹ́. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Ìbọ̀wọ́ wà lórí okùn, ó ti gbẹ. Ọkùnrin kan láti ìlú Ara wá forúkọ ọmọ ẹ̀ sílẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó gbé ọmọ lé itan. Oje ẹ̀gẹ́ ti mú ìka obìnrin náà dúdú, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ ti le bí awọ. Mo kọ orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá, iṣẹ́ bàbá, orúkọ ìyá. Kí n tó bèèrè èyí tó kù, ọkùnrin náà ti dáhùn: "Ìyàwó ilé ni, nọ́ọ̀sì. Kì í ṣe nǹkan kan."

Mo gbé bírò sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bi." Mo yíjú sí obìnrin náà. "Ìyá ìkókó, kí lẹ fi ń ṣe iṣẹ́ ṣe? Kí lẹ̀ ń fi ọwọ́ yín ṣe?"

Ó kọ́kọ́ wo ojú ọkọ ẹ̀. Ó wá rọra fa ìró ẹ̀ bo ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kọ, mà."